Ọjọ́ Tí Òkè-Ààtàn Bẹ Iṣu Ní Ìbẹkúbẹ

"Ẹ má tì mí o! Ẹ rọra, Ikùn ò ní sá lọ!"

Orí pèpéle irin tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ńlá náà ni Ẹfúnyẹmí ti ń pariwo, ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́? Láti àárọ̀ ni gbogbo Òkè-Ààtàn ti tú jáde, tọmọdé tàgbà, oníkálùkù pẹ̀lú korobá ìdọ̀tí rẹ̀, tí wọ́n ń ti ara wọn bí ẹni tí wọ́n ń pín wúrà fún. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ṣùkù àgbàdo wà níbẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ọsàn tó ti rà, ewé tó ti gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń dà á sílẹ̀ ni Ikùn ń gbé e mì, tí ilẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ìyá Fọláwiyọ́, korobá mélòó lẹ gbé wá?"

"Mẹ́ta! Tiyín ńkọ́?"

"Mẹ́rin. Ọkọ mi ṣì ń fi ọmọlanke ti ìyókù bọ̀."

"Háà! Ilé yín mà dọ̀tí o!"

"Ẹ ṣé. Ọlọ́run á jẹ́ kí tiyín náà dọ̀tí jù báyìí lọ."

"Àmín o!"

Àdúrà gidi ni wọ́n ń gbà fún ara wọn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Láyé ijọ́un, wọ́n máa ń fi ìlú yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí orí ààtàn àtijọ́ kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ọmọ Òkè-Ààtàn tó bá fẹ́ fẹ́yàwó níbòmíràn, orúkọ ìlú tó wà nítòsí ló máa ń dá fún àwọn àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí, ìdọ̀tí sì ti di ohun tí àwọn ọlọ́lá ń wá kiri.

Ikùn ló fà á. Ìkòkò irin ni, ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ohun tó bá gbé mì, yóò fi ooru tẹ̀ ẹ́ nínú ara rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá dé ìkòkò ẹ̀wà pa, kí ẹ̀wà ẹni yòówù sì tó jinná, ìdọ̀tí ti di epo dúdú. Epo dúdú náà á gba inú páìpù lọ sí Asẹ́, ilé funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ títí yóò fi mọ́ gaara bí omi òjò. Láti ibẹ̀, páìpù gígùn kan gbé e lọ sínú Àwòdì.

Àwòdì ni bàálù tó dúró lórí pápá lọ́jọ́ náà, tó tẹ́ ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì sínú oòrùn. Agogo epo kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn wà lára rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń rí ọwọ́ rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí. Ìlà pupa wà lókè agogo náà. Bí ọwọ́ náà bá kan ìlà yìí kí oòrùn tó wọ̀, tí Àwòdì sì fò dé etí òkun tó padà wálé, Òkè-Ààtàn ni yóò máa se epo fún gbogbo bàálù ilẹ̀ yìí. Bí kò bá kàn án, àwọn òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Òfúrufú yóò tú Ikùn ní ìdè, wọn yóò gbé e fún Agbájé, ìlú tó ń bá wọn du ipò náà.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn dún láti orí pápá. "Àwòdì ti mu kọjá ìdajì!"

Ariwo sọ. Ìyá Fọláwiyọ́ gbé korobá òfìfo sọ sókè, ó sì fi orí gbà á.

"Ẹfún, ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ lónìí!" ni ó kígbe. "Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, Màmá. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù."

Òótọ́ ló sọ. Òfin ni pé ẹni tó bá se epo ni yóò kọ́kọ́ fò lórí rẹ̀. Ara ẹlẹ́mu ni wọ́n ti kọ́ ọ, ẹni tí í kọ́kọ́ tọ́ ẹmu rẹ̀ wò lójú oníbàárà kó tó bù ú fún un. Ẹfúnyẹmí ni olùtọ́jú Ikùn, nítorí náà òun ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ bàálù náà. Kò tíì gun ohun tó ga ju àkàbà lọ rí láyé rẹ̀.

Ó na ọ̀pá oníkọ́ sínú ìdọ̀tí tó ń yọ̀ lọ sínú Ẹnu, ihò tí Ikùn fi ń gbé nǹkan mì, kó fi yọ ṣíbí kan tó rí. Kò sí ọjọ́ tí àwọn ará ìlú kì í da ṣíbí mọ́ ìdọ̀tí, wọn yóò sì padà wá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló jí i. Ìkọ́ náà ò mú ṣíbí. Èèpo iṣu kan ló fà jáde, èèpo náà sì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yí i wò. Lábẹ́ awọ dúdú tín-ín-rín náà, ara iṣu funfun ló wà níbẹ̀, ó nípọn tó àtàǹpàkò.

Ó mú òmíràn. Bákan náà ni. Ó ti ọwọ́ bọ korobá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, bákan náà ni. Ó tẹ bọ́tìnnì, Ikùn sì dákẹ́.

Korobá tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, aṣọ búlúù tó ti ṣá ni wọ́n so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ aṣọ náà. Òun ni ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n.

"Màmá," ni ó wí, "ẹ̀yin náà?"

Ìyá Ẹfún dúró lẹ́sẹ̀ pèpéle, arúgbó tó ṣì ń rìn ṣánṣán, ó sì gbójú sókè. "Èmi náà kí ni?"

"Iṣu lẹ gbé wá yìí. Kì í ṣe èèpo."

"Èèpo ni. Ọ̀bẹ ló mú jù."

"Ọ̀bẹ tí ẹ fi ń bẹ iṣu láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni."

Ìyá náà gun àkàbà wá bá a, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kí n wá gbé ìdajì korobá kọjá níwájú Ìyá Fọláwiyọ́? Ọmọ mi ni olùtọ́jú Ikùn, ọmọ mi ló ń gòkè re ojú sánmà, kí wọ́n wá máa sọ pé ìyá rẹ̀ ni ìdọ̀tí rẹ̀ kéré jù? Ojú ń tini o, Ẹfún. Àti pé," ó tún sún mọ́ ọn, "bí epo bá tán mọ́ bàálù yẹn nínú lójú sánmà, ta ni yóò já bọ́? Ṣé Ìyá Fọláwiyọ́ ni?"

Ẹfúnyẹmí nàka sókè. Lókè Ẹnu, níbi tí wọ́n fín in sí lára irin ní lẹ́tà ńláńlá, òfin wà níbẹ̀ tí kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ̀ ọ́n sórí: OHUN TÍ ẸNU LÈ JẸ, Ẹ̀RỌ Ò GBỌDỌ̀ JẸ Ẹ́. Òfin Ẹnu Ṣáájú ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn Ìyàn Ńlá ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn àkókò tí àwọn ọkọ̀ ń mu epo ẹ̀gẹ́ àti epo àgbàdo yó, tí àwọn ọmọ ènìyàn sì ń fi omi gbígbóná jẹun alẹ́. Ìyá rẹ̀ yìí kan náà ni ọmọdébìnrin tó jókòó lẹ́bàá títì nígbà náà, tó gbé àbúrò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń wo ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sílé epo. Àbúrò náà ò dìde mọ́.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn yẹn fún mi."

"Mo mọ̀." Ojú arúgbó náà rẹ̀wẹ̀sì fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí í tètè fara mọ́ ẹ̀bi. "Ṣùgbọ́n gbọ́. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ò jẹ ẹ́ tán, mo ṣẹ́ ẹ kù. Ọmọ tó bá fọ abọ́ ló sì ni àjẹkù. Ta ló ń fọ abọ́ ìlú yìí? Ṣé kì í ṣe Ikùn ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ẹfúnyẹmí nínú ìbànújẹ́ rẹ̀. "Bó bá jẹ́ àjẹkù, oúnjẹ ni. Bó bá sì jẹ́ oúnjẹ, Ikùn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

"Ta ni yóò mọ̀?"

Ìbéèrè tó ń sá fún nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún, aṣojú Ìgbìmọ̀ Òfúrufú, wà lórí pápá lọ́hùn-ún pẹ̀lú Imú lọ́rùn. Ohun kékeré kan tó rí bí àdó ni Imú, ó máa ń pọ́n bí ata bó bá gbóòórùn oúnjẹ, ó sì máa ń funfun bí kò bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Imú kì í wá sẹ́nu Ikùn. Epo tó bá ti Asẹ́ jáde nìkan ló ń gbọ́, ìwọ̀nba iṣu tó bá sì pò mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ìyẹ́ adìyẹ, ó ṣòro kó tó mọ̀ ọ́n. Ẹfúnyẹmí nìkan ló mọ èyí. Bó bá tún bọ́tìnnì tẹ̀, ọwọ́ agogo yóò kan ìlà pupa, òun yóò fò lórí táǹkì tó kún, ìlú rẹ̀ yóò sì jó dálẹ́. Bí ó bá kọ iṣu náà, ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù ò lè kún táǹkì. Nígbà náà yóò di kí Ikùn lọ sí Agbájé, àyàfi bí wọ́n bá gbà kí òun gun bàálù tí òǹgbẹ ń gbẹ.

Ó wo aṣọ búlúù náà. Ó wo èèpo iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni kan lè jẹ èyí yó, ni ó rò nínú ara rẹ̀, ìrònú náà sì lé gbogbo ìyókù lọ.

Ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Ààtàn! Ta ló kọ́ yín ní iṣu bíbẹ?"

Ó gbé èèpo náà sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Mo ní kí ẹ gbé èèpo wá, ẹ gbé iṣu wá fún mi. Kí ẹni tí èèpo tirẹ̀ tín-ín-rín bọ́ síwájú."

Ẹsẹ̀ kankan ò kúrò nílẹ̀. Àwọn kan ń wo ilẹ̀, àwọn kan ń wo Àwòdì bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bi wọ́n ní ìbéèrè. Níkẹyìn, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ wúkọ́.

"Mo rò pé èmi nìkan ni," ni ó wí.

"Èmi náà rò pé èmi nìkan ni!" ni ẹlòmíràn kígbe.

"Ẹ̀yin náà? Àní mo ti òru bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú pé tèmi ti nípọn jù!" Ìyá Fọláwiyọ́ nìyẹn, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹnu lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ẹ̀rín bú sáàárín wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, nítorí odindi ìlú ló ti bẹ iṣu ní ìbẹkúbẹ nítorí ojú aládùúgbò, kò sì sí ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ sàn jù ú lọ. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ẹnì kan bèèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn.

"Báwo la ó ti wá ṣe é báyìí, Ẹfún?"

"Iṣu kan ò ní wọ ibí yìí. Ẹ wá kó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un bẹ dáadáa, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́. Èèpo tín-ín-rín tó bá kù, ẹ gbé e padà wá."

"Bàálù ńkọ́?"

"Bàálù á mu èyí tó tọ́ sí i."

"Ìwọ ńkọ́?" Ìyá rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ò sì le mọ́.

"Èmi á fò lórí èyí tó bá wà, Màmá."

Kì í ṣe pé kò bẹ̀rù. Ó di irin pèpéle mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sì yà á lẹ́nu bí ó ti fúyẹ́ tó.

Bí wọ́n ṣe ń se iṣu nìyẹn o. Ẹ̀gbẹ́ Ikùn gbóná ju ààrò lọ, wọ́n sì to ìkòkò yí i ká. Ẹni tó mú epo pupa wá mú un wá, ẹni tó mú ata àti ẹja gbígbẹ wá mú un wá. Ìyá Ẹfún kó ọ̀bẹ jọ, ó pín in fún àwọn obìnrin, ó sì dúró lé wọn lórí bí ọ̀gá ilé-ìwé, ó ń gbé èèpo kọ̀ọ̀kan wò sí oòrùn. "Mo gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá! Tún un bẹ!" Òórùn àsáró bo pápá. Ewé ni wọ́n ń bù ú sí, inú sì ń dùn wọ́n bíi pé kò sí wàhálà kankan láyé.

Òórùn náà ló gbé Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún dé. Ọkùnrin gíga ni, tó di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn, Imú tó wà láyà rẹ̀ sì ti pọ́n bí ata ṣọ̀ńbọ̀.

"Kí ni mò ń gbóòórùn rẹ̀ yìí? Oòrùn ń lọ, ẹ̀yin ń se àsáró!"

"Ẹ wá bá wa jẹun, sà!" ni gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹfúnyẹmí sọ̀kalẹ̀ wá kúnlẹ̀ kí i, ó sì rò fún un bó ṣe rí, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó wo èèpo, ó wo ìkòkò, ó wo agogo tó dúró sábẹ́ ìlà pupa.

"O ṣe ohun tó tọ́," ni ó wí. "Àánú yín ṣe mí. Ṣùgbọ́n òfin mi ò ní àánú nínú. Bí ọwọ́ agogo ò bá kan ìlà, mi ò lè fi òǹtẹ̀ sí i."

"Ẹ jẹun ná, sà," ni Ìyá Ẹfún wí, ó na ewé kan sí i.

"Á gba ibi ire o, Màmá," ni ó dáhùn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń dáhùn bí kò bá fẹ́ jẹun.

Ìyá Ẹfún dúró gbọnrangandan. Ṣíbí igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń kán epo sílẹ̀, kò rí i.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni ó wí, "ẹ dákun, ẹ là mí lóye. Ohun tó bá ti gba ẹnu kọjá, tó sì ti jáde, kí ni òfin yín ń pè é?"

"Ìdọ̀tí ni. Ìdọ̀tí pọ́nńbélé."

"Ikùn lè jẹ ẹ́?"

"Òun gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣebí láti inú àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ni páìpù ti ń wọ ibẹ̀. Ẹnu ṣáájú ni òfin wí, Màmá."

"Ẹnu ṣáájú," ni arúgbó náà tún un sọ. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn. "Ẹ gbọ́? Ẹnu ṣáájú. Òfin ò ní kí ìdí má tẹ̀lé e!"

Ó gba ìlú náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó yé wọn. Nígbà tó yé wọn, ariwo tó sọ lé ẹyẹ kúrò lórí Asẹ́.

"Ẹ jẹun o! Ẹ fi ata kún un!"

"Ẹ bu omi gbígbóná fún Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, ó ti ọjọ́ mẹ́ta ń ráhùn inú kíkún!"

Ata gbígbóná, iṣu gbígbóná àti ayọ̀, inú wo ni yóò gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní pe olówó rẹ̀? Kò pẹ́ tí ọ̀wọ́ fi gùn níwájú àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú. Àwọn tó jáde ń yan bí ológun tó ti ogun dé, àwọn tó ń dúró ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn obìnrin ń da ewé àsáró, èèpo tín-ín-rín àti omi ìfọ̀kòkò sí Ẹnu. Ẹfúnyẹmí tẹ bọ́tìnnì, Ikùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ilẹ̀ gbọ̀n, ọwọ́ agogo tún gbéra.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Ó jókòó, ó gba ewé kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó gba èkejì. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀ ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ léèrè pé níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Gbogbo ọ̀wọ́ náà ló yà sápá kan fún un bí ẹni tí ọba ń kọjá.

Oòrùn ti fẹ́ fara kan orí igi nígbà tí ọwọ́ agogo dé ẹ̀gbẹ́ ìlà pupa, tó sì dúró níbẹ̀, tí kò lọ, tí kò bọ̀. Ẹfúnyẹmí na ọ̀pá oníkọ́ fa ewé kan tó há sẹ́nu Ikùn wọlé. Ikùn kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ agogo gun orí ìlà náà, ó sì kọjá rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ ò lè gbọ́ ariwo náà tán.

Aṣojú náà gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, ó bu epo náà sínú gíláàsì. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń rí ìka rẹ̀ lódìkejì. Ó tú Imú lọ́rùn, ó sì rì í sínú rẹ̀. Pupa tó wà lára Imú láti ọ̀sán ṣá díẹ̀díẹ̀, ó di àwọ̀ ọsàn, ó di àwọ̀ ẹyin, lẹ́yìn náà ó funfun báláú.

"Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀," ni ó kéde.

"Ó wà níbẹ̀," ni Ìyá Ẹfún rọra sọ sétí ọmọ rẹ̀. "Ó kàn ti gba ibi ire ni."

Ó so aṣọ búlúù náà mọ́ Ẹfúnyẹmí lọ́rùn, ó fi ìdì ewé kan tó ṣì gbóná sí i lọ́wọ́, ó sì yíjú kúrò kíákíá kó má bàa sunkún lójú Ìyá Fọláwiyọ́.

Akínlolú, ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa Àwòdì, ti jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bú. Atẹ́gùn fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn, ó gbọn bàálù náà, Ẹfúnyẹmí sì pariwo.

"Ẹ má fòyà, Àǹtí," ni Akínlolú wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́."

"Ó ní iṣẹ́ kúkú yá," ni Ẹfúnyẹmí parí rẹ̀ fún un, bàálù sì fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Òkè-Ààtàn kéré lábẹ́ wọn, ó di òkìtì kékeré kan tí èéfín àsáró ń rú lórí rẹ̀. Ẹfúnyẹmí sunkún, ó rẹ́rìn-ín, kò sì nu ojú rẹ̀. Nígbà tí igbó tẹ́ lọ salalu níwájú wọn, tí ọwọ́ agogo ò sì mì, ó rí i pé láti àárọ̀ òun ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó tú ewé náà, ó sì fi ìwọra jẹun.

Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó dúró. Ó wo ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà tó ti jókòó sínú bàálù láti òwúrọ̀.

"Gbà," ni ó wí, ó na ìyókù sí i. "Mo ṣẹ́ ẹ kù fún ọ."

Akínlolú gbà á, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá.